Bí Ajá Bá Bu Ènìyàn Jẹ, Ẹ Fọ Ojú Egbò Kí Ẹ Tó Dá Ifá

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí wúwo lẹ́nu mi, nítorí pé mo lẹ́bi nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n awo tó bá ń fi òtítọ́ pamọ́, kí ló tún fẹ́ wá ṣe níwájú Ẹlẹ́rìí Ìpín?

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, a ń múra ọdún Ògún ní ìlú wa. Gbogbo wa la mọ̀ pé Ògún ń gba ajá. A ra ajá kan lọ́jà, kò sí ẹni tó mọ ilé tó ti wá. Ọmọ awo kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ló di okùn rẹ̀ mú. Ajá náà yíjú padà, ó fi eyín ya ọmọ náà lẹ́yìn ọwọ́. Egbò ọ̀hún kò gùn ju èékánná lọ. Èmi fúnra mi ni mo gún ewé tí mo fi dí i. A fi ṣe ẹ̀rín, a bá ọdún wa lọ. A kò fi omi kan ojú egbò náà, a kò sì dé ilé ìwòsàn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méje, ibi tí ajá ti ya á bẹ̀rẹ̀ sí í yún un, ó ń ta á. Ibà dé. Ní ọjọ́ kẹta, a gbé omi fún un, ọ̀fun rẹ̀ há, ó ń gbọ̀n, ó ń sá fún ife omi. Mo ti dá Ifá, mo ti rúbọ, kí a tó gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà. Dókítà wo ọwọ́ rẹ̀, ó wo èmi náà, ó ní, "Bàbá, ọjọ́ tí ajá bù ú jẹ gan-an ló yẹ kí ẹ ti gbé e wá." Ọjọ́ kejì ni ọmọ náà kú. Títí di òní, mi ò lè wo ojú ìyá rẹ̀.

Dìgbòlugi ni àrùn náà. Inú itọ́ ẹranko tó ti kó o ni kòkòrò rẹ̀ ń gbé. Bí ẹranko bẹ́ẹ̀ bá bu ènìyàn jẹ, tó họ ọ́, tàbí tó lá ojú egbò, ojú tàbí ẹnu rẹ̀, kòkòrò náà lè wọlé. Inú iṣan ló ń tọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí dé ọpọlọ. Ìdí nìyí tí kì í fi í tètè hàn. Lọ́pọ̀ ìgbà, ó máa ń gba oṣù 1 sí oṣù 3; nígbà mìíràn kì í tó ọ̀sẹ̀ kan, nígbà mìíràn ó lè ju ọdún kan lọ. Àkókò yẹn gan-an ni àǹfààní wa. Bí ẹni náà bá ti ń sá fún omi, ewé kò ràn án mọ́, abẹ́rẹ́ náà kò ràn án mọ́. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Bẹ́ẹ̀, láti ọdún 1885 ni Louis Pasteur ti gún ọmọ ọdún 9 kan tí ajá bù jẹ ní abẹ́rẹ́ nílẹ̀ Faransé, tí ọmọ náà sì yè. Ọmọ tèmi náà ì bá yè.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú 100 ènìyàn tí àrùn yìí mú, ó lè tó 99 tó jẹ́ pé ajá ló kó o ràn wọ́n. Ṣùgbọ́n ológbò, ọ̀bọ àti àwọn ẹran ìgbẹ́ mìíràn lè ní in. Ẹ̀yin ọdẹ, ẹ gbọ́: ní 1956, wọ́n rí ìbátan kòkòrò yìí lára àdán ní Èkó. Ní 1968, wọ́n rí òmíràn lára asín ní Ìbàdàn, orúkọ Mọ́kọ́lá ni wọ́n sì fi pè é. Ẹran tó bá ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tàbí tí kò sá fún ènìyàn mọ́, kì í ṣe oríire. Ẹ má fọwọ́ kàn án.

Bí ẹranko bá bu ènìyàn jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ má fi ata, epo, kẹrosíìnì tàbí ewé sí i, ẹ má sì sín gbẹ́rẹ́ sí i. Àwọn kan máa ń ní kí wọ́n pa ajá náà, kí wọ́n sun ẹ̀dọ̀ rẹ̀ fún ẹni tó bù jẹ. Irọ́ gbáà ni. Lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ gba ilé ìwòsàn lọ fún abẹ́rẹ́ àjẹsára. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń gún un. Ẹ gbà á pé. Bí ajá náà bá ní olówó, ẹ so ó mọ́lẹ̀, kí ẹ máa ṣọ́ ọ fún ọjọ́ 10, ṣùgbọ́n ẹ má torí ìyẹn dúró kí ẹ tó gba abẹ́rẹ́.

Ẹ̀yin olórìṣà Ògún, ẹran tó dá ṣáṣá ni òrìṣà ń gbà. Ẹ ra ajá ní ilé tí ẹ mọ̀, tí dókítà ẹranko ti gún ní abẹ́rẹ́. Láti oṣù 3 ni wọ́n ti lè gún ọmọ ajá, kí wọ́n sì máa tún un gún lọ́dọọdún. Ẹ lé ọmọdé jìnnà. Ẹni tí yóò di ajá mú tàbí tí yóò pa á, kó wọ ìbọ̀wọ́. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀ lè lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára sílẹ̀ kí ajá kankan tó bù ú jẹ.

Àwọn kan yóò bi mí pé, "Bàbá, ṣé Ifá kò tó ni?" Ifá tó. Ifá ló ní ká rúbọ, owó ọkọ̀ àti owó abẹ́rẹ́ náà sì wà lára ẹbọ. Bí wọ́n bá gbé ẹni tí ajá bù jẹ wá bá mi lónìí, ọṣẹ àti omi ni mo kọ́kọ́ ń gbé jáde, lẹ́yìn náà ni mo ń pe ọlọ́kadà. Bí a bá ti ilé ìwòsàn dé, a óò bá ọpọ́n àti ikin níbi tí a fi wọ́n sí.

Kí Ògún má jẹ́ ká ríjà rẹ̀. Àṣẹ.