Ọjọ́ Orí Ọmọ àti Ìbúra Kọ́ọ̀tù

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan tí ìsìn parí, ìyá kan tó ń ta aṣọ ní Terminus fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tèmi ni, ọ̀kan lára àwọn ìyá díákónì wa sì ni. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dé kọ́ọ̀tù lọ́jọ́ Ajé. Kóòṣì ní ká lọ búra ọjọ́ orí tuntun fún ọmọ yìí." Ọmọ tí à ń wí yìí ti pé ogún ọdún. Mo mọ̀, torí mo jẹ ìrẹsì ìkómọjáde rẹ̀. Kóòṣì ní kí wọ́n kọ ọ́ pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, kó lè bá àwọn ọmọdé lọ sí ìdíje kan tí àwọn tó ń ra agbábọ́ọ̀lù máa wá wò.

Mi ò tíì fèsì tí ọmọ náà fi kọjá lọ. Báàgì kan náà ló kó Bíbélì àti bàtà bọ́ọ̀lù sí.

Ẹ̀yin ará wa tó ń gbé Jos, ẹ mọ̀ pé bọ́ọ̀lù kì í ṣe eré lásán nílùú yìí. Mighty Jets ló gba ife líìgì àkọ́kọ́ nílẹ̀ yìí lọ́dún 1972, Plateau United náà gba tiwọn ní 2017. Níbí ni wọ́n bí Mikel Obi sí, ẹni tó bá Chelsea gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Yúróòpù ní 2012. Níbí náà ni wọ́n bí Ahmed Musa sí. Òbí wo ló máa rí èyí tí ojú rẹ̀ kò ní wọ ọ̀nà òkè òkun?

Àmọ́ àwa Yorùbá ní tiwa tó yẹ ká máa sọ ìtàn rẹ̀ fún àwọn ọmọ. Ọmọ Ẹ̀gbá ni Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí, ṣùgbọ́n Jos ló ti dàgbà, St. Murumba College tó wà níbí ló sì lọ. Nígbà tó dé Ìbàdàn, ó ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Poli, ó sì ń gbá bọ́ọ̀lù fún Shooting Stars. Ó wà lára àwọn tó gba ife Áfíríkà fún ẹgbẹ́ náà ní 1976. Nígbà tí Nàìjíríà na Àlgéríà ní 3-0 ní Sùúrùlérè ní 1980, òun ló jẹ méjì nínú góòlù mẹ́ta náà. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni lọ́jọ́ náà, kò sì sí ẹni tó ní kó dín in kù.

Kì í ṣe òní ni jíjí ọjọ́ orí bẹ̀rẹ̀. Ní 1989, FIFA rí i pé ọjọ́ ìbí tí a kọ fún àwọn agbábọ́ọ̀lù wa kan ní Òlíńpíìkì 1988 kò bá èyí tí a ti kọ tẹ́lẹ̀ mu. Ọdún méjì ni wọ́n fi lé wa kúrò nínú ìdíje àwọn ọ̀dọ́. Ìdíje àgbáyé ti 1991 tí ì bá wáyé nílẹ̀ wa, Pọ́túgà ló bọ́ sí lọ́wọ́. Nígbà tí ìdíje àwọn tí kò ju ọdún mẹ́tàdínlógún lọ wá dé ọ̀dọ̀ wa ní 2009, wọ́n gbé ẹ̀rọ MRI wá, wọ́n ń fi wo egungun ọrùn ọwọ́ àwọn ọmọ. Ẹ̀rọ yẹn kò mọ ẹni tó gbààwẹ̀.

Ẹ tún wo Tóbi Amúsàn, ọmọ Ìjẹ̀bú Òde, tí kì í tijú láti dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run ní gbangba. Ní July 2022, ní Eugene ní Amẹ́ríkà, ó sá eré 100 mítà tí wọ́n ti ń fo ìdènà ní ìṣẹ́jú àáyá 12.12. Kò sí obìnrin tó yára tó bẹ́ẹ̀ rí, ó sì gba wúrà lọ́jọ́ kan náà. Nígbà tó máa fi pé ọdún kan, wọ́n ti pè é lẹ́jọ́. Wọn ò bá oògùn kankan lára rẹ̀ o. Ẹ̀sùn náà ni pé láàárín oṣù méjìlá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni àyẹ̀wò bọ́. Ẹni tó bá ti dé irú ipò yẹn gbọ́dọ̀ máa kọ ibi tí wọ́n ti lè rí i fún wákàtí kan lójoojúmọ́, kó sì wà níbẹ̀. Ìgbìmọ̀ dá a láre ní August 2023, ilé ẹjọ́ eré ìdárayá àgbáyé sì fọwọ́ sí i ní 2024. Ó gba fàdákà ní Tokyo ní 2025. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé lókè lọ́hùn-ún, ìwé tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ni wọ́n fi ń mú un.

Nínú ìjọ wa, ohun tí àwọn àgbà ń bá àwọn ọmọ jà lé lórí ni bọ́ọ̀lù ọjọ́ Ìsinmi. Wọ́n á ní, "Ẹ rántí Eric Liddell!" Lóòótọ́, ní Òlíńpíìkì Paris ní 1924, ọkùnrin ará Skọ́tíláǹdì náà kọ̀ láti sá 100 mítà nítorí pé ọjọ́ Ìsinmi ni wọ́n fi ìpele àkọ́kọ́ sí. Ó sá 400 mítà dípò rẹ̀, ó sì gba wúrà. Lẹ́yìn náà ló lọ ṣe míṣọ́nnárì ní Ṣáínà, ibẹ̀ ló kú sí ní àgọ́ ìgbèkùn ní 1945. Èyí tó wù mí jù nínú ìtàn rẹ̀ ni pé ó ti sọ ọ́ síta ní oṣù mélòó kan ṣáájú. Kò díbọ́n pé ẹsẹ̀ ń dun òun. Mi ò tíì gbọ́ kí àgbà kankan nínú ìjọ wa béèrè lọ́wọ́ ọmọ bọ́ọ̀lù pé, "Ọjọ́ orí wo lo kọ síwèé?" (Ẹ̀yin Mùsùlùmí àárín wa, ẹ má rẹ́rìn-ín. Kùránì náà wà ní kọ́ọ̀tù.)

Mo wí fún ìyá náà pé, "Ìyá, Bíbélì ni wọ́n máa gbé lé yín lọ́wọ́ kẹ́ ẹ tó búra." Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní, "Bọ̀dá, gbogbo àwọn tí wọ́n jọ ń gbá a ló ti búra. Ṣé tèmi nìkan ló máa jókòó sílé?" Kí n má purọ́, mi ò rí èsì gidi fún un.

Lọ́jọ́ Ajé, mo gba Terminus kọjá, mo rí i pé ó ti ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láàárọ̀, kò lọ síbì kankan. Ikọ̀ náà lọ láìsí ọmọ rẹ̀. Ó ń bá àwọn àgbàlagbà gbá a báyìí ní ìrọ̀lẹ́, ó sì ti ra fọ́ọ̀mù JAMB. Ó ṣì máa ń dọ̀bálẹ̀ kí mi tí a bá pàdé, àmọ́ kì í dúró.