Ìrìn Síkì: Ìgbafẹ́ Tó Jẹ́ ti Gbogbo Ènìyàn ní Ilẹ̀ Nọ́wè

Nígbà òtútù ní ilẹ̀ Nọ́wè, tí òjò dídì, ìyẹn ọ̀rinrin inú ìkùukùu tó dì tó sì ń jábọ́ bí òwú, bá bo igbó àti òkè mọ́lẹ̀, ọ̀nà méjì pàtàkì ni àwọn ènìyàn ń gbà ṣe síkì. Àwọn kan ń jẹ́ kí ẹ̀rọ gbé wọn dé orí òkè, kí wọ́n lè sáré sọ̀kalẹ̀; àwọn mìíràn sì ń fẹsẹ̀ ara wọn rìn wọ́ọ́rọ́wọ́ láàrin igbó, ìyẹn ìrìn síkì, èyí tí tọmọdé tàgbà lè ṣe láìsí ariwo àti láìsí ìnáwó rẹpẹtẹ.

Síkì ni pákó méjì, tó gùn tó sì tẹ́ẹ́rẹ́, tí a ń so mọ́ bàtà. Nínú ìrìn síkì, iwájú bàtà nìkan ni a ń so mọ́ ọn, kí gìgísẹ̀ lè máa gbé sókè bíi ti ẹni tó ń rìn lásán, a ó sì máa fi ọ̀pá méjì ti ara síwájú. Ohun tó gba ọgbọ́n jù níbẹ̀ ni ìda tí wọ́n ń fi ra àárín abẹ́ síkì, nítorí ó gbọ́dọ̀ jẹ́ kí síkì yọ̀ geere, kó sì tún di ilẹ̀ mú nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ìda líle ni wọ́n ń lò nígbà tí òtútù bá mú gidigidi, wọ́n sì ń lo èyí tó rọ̀ nígbà tí òjò dídì bá fẹ́ máa yọ́.

Kí síkì tó di eré rárá ni ó ti jẹ́ ohun tí àwọn ọdẹ àti arìnrìn-àjò fi ń la ilẹ̀ tútù kọjá. Òun náà sì ni Fridtjof Nansen, arìnrìn-àjò ọmọ ilẹ̀ Nọ́wè, àti àwọn ènìyàn márùn-ún fi la erékùṣù Greenland já ní ọdún 1888.

Òfin wà lára ohun tó jẹ́ kí ìgbafẹ́ yìí lè jẹ́ ti gbogbo ènìyàn ní Nọ́wè. Òfin ọdún 1957 fún gbogbo ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti rìn lórí ilẹ̀ tí a kò dáko sí, ẹni yòówù kó ni ín, bí wọn kò bá ti ba nǹkan jẹ́; nígbà òtútù, ẹ̀tọ́ náà dé orí oko tí òjò dídì bò. Den Norske Turistforening, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn arìnrìn-àjò ilẹ̀ Nọ́wè, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1868, kọ́ ilé ìsinmi sórí àwọn òkè, púpọ̀ nínú wọn kò sì ní olùtọ́jú, àlejò fúnra rẹ̀ ni yóò dáná, tí yóò gbálẹ̀, tí yóò sì san owó rẹ̀ láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Ní Oslo, ọkọ̀ ojú irin ìgboro ń gbé èrò pẹ̀lú síkì wọn dé Frognerseteren lẹ́bàá igbó, iná sì wà lójú àwọn ọ̀nà kan fún ẹni tó bá ṣíwọ́ iṣẹ́ nírọ̀lẹ́.

Síbẹ̀, jẹ́jẹ́ tí ìrìn yìí jẹ́ kò mú ewu kúrò níbẹ̀. Òjò dídì lè ya lulẹ̀ lójijì ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè tó bá ga ju ìwọ̀n dígírì 30 lọ, kó sì bo ènìyàn mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kú sórí òkè ní àsìkò Àjíǹde ọdún 1967 ni wọ́n tan àwọn ìlànà ààbò orí òkè kálẹ̀: kí arìnrìn-àjò sọ ibi tó ń lọ fún ẹlòmíràn, kó fetí sí ìròyìn ojú ọjọ́, kó sì padà lásìkò, nítorí kò sí ìtìjú nínú pípadà. Ẹni tó bá ń gbé ní ilẹ̀ olótùútù tó sì fẹ́ dán ìrìn yìí wò, kó kọ́kọ́ kọ́ ìlànà wọ̀nyí kó tó yá síkì.