Ìròyìn Kò Tó Àfojúbà: Èsì Ìbò Oṣù Òkúdù 1993

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó máa ń béèrè pé: báwo ni àwọn olùdìbò ṣe mọ ẹni tí ó wọlé ní 1993, nígbà tí ìjọba kò kéde èsì náà tán? Ibùdó ìdìbò ni ìdáhùn wà. Ní ọjọ́ 12 oṣù Òkúdù, ìṣojú gbogbo ènìyàn ni a ti ka ìbò, tí a sì pe iye rẹ̀ sókè. Kí rédíò tó sọ̀rọ̀, àdúgbò kọ̀ọ̀kan ti mọ tirẹ̀. Bí èsì ti ń dé, wọ́n ń fi í wé ohun tí wọ́n fojú rí. Nígbà tí a gbọ́ pé M.K.O. Abíọ́lá borí ní Kánò, ìpínlẹ̀ Bashir Tofa alátakò rẹ̀, ọ̀pọ̀ gbà pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Èsì ìpínlẹ̀ 14 nínú 30 ti jáde kí àjọ elétò ìdìbò tó dá ìkéde dúró. Ní ọjọ́ 23, ìjọba Ọ̀gágun Babangida fagi lé ìdìbò náà. Ayọ̀ di ìbínú. Ní oṣù Agẹmọ, àwọn ará Èkó tú sí ìgboro. Kì í ṣe àhesọ ni wọ́n ń jà fún, bí kò ṣe ìbò tí a kà lójú wọn.