Títa ẹ̀wù agbábọ́ọ̀lù lórí fóònù: iṣẹ́ ẹni tó mọ ìwé kà

Ní ọjà Kétu, ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀wù a fi ọwọ́ kàn án, a nà án mọ́ àyà, kí ó tó ná an. Ṣùgbọ́n ọjà mìíràn wà nísinsìnyí tí kò ní ìsọ̀, tí kò sì ní àtẹ. Orí fóònù ni. Ẹ̀wù àwọn agbábọ́ọ̀lù wà lára ohun tí wọ́n ń tà níbẹ̀.

Òwò náà kì í ṣe kékeré. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹfà ọdún 2018, ilé-iṣẹ́ Nike gbé ẹ̀wù tí Nàìjíríà yóò wọ̀ lọ sí Ife Àgbáyé ní Rọ́ṣíà síta. Ọjọ́ náà gan-an ni ó tán lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Kí ni iṣẹ́ ẹni tó ń bá irú olùtajà bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́? Yóò ya àwòrán ẹ̀wù. Yóò kọ ìwọ̀n, àwọ̀ àti iye owó sí abẹ́ rẹ̀. Yóò ka ohun tí oníbàárà kọ ránṣẹ́. Yóò yẹ fóònù wò bóyá owó ti wọlé. Yóò di ẹrù, yóò kọ orúkọ àti nọ́ńbà ẹni tó ni ín sí i lára, kí ó tó fi lé awakọ̀ lọ́wọ́, ìbáà ṣe Ìlárá tàbí Pọ̀bẹ́ ni ẹrù ń lọ.

Àṣìṣe kékeré lè jẹ èrè run. S ni ẹ̀wù kékeré, M ni ti àárín, L ni ńlá. Bí S bá lọ bá ẹni tó béèrè L, ẹ̀wù yóò padà, owó ọkọ̀ yóò sì di méjì. Orúkọ pẹ̀lú ń yí padà. Écureuils, ìyẹn ọ̀kẹ́rẹ́, ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Bẹ̀nẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 2022, ó di Guépards. Ẹni tí kò mọ ìwé kà lè fi ẹ̀wù àtijọ́ ránṣẹ́ dípò tuntun.

Àwọn àgbà ní: òótọ́ dọ́jà, ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni à ń ra èké. Lórí fóònù, èké a máa tà, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Ẹni tó fi owó ojúlówó ra ayédèrú kò ní padà wá. Òfin pẹ̀lú wà: òfin 2017-20 ti ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2018, tí a ń pè ní Code du numérique, kan òwò orí íntánẹ́ẹ̀tì ní Bẹ̀nẹ̀.

Oníbàárà orí fóònù kò lè fi ọwọ́ kan ẹ̀wù. Ohun tí a kọ ni ó dípò ọwọ́ rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹni tó ń tà kọ òótọ́, kí ẹni tó ń rà sì kà á tán kí ó tó fi owó ránṣẹ́.