Ta Ni Ó Rántí Ìyá Tí Ń Ran Òwú?

Kò sí Sátidé kan tí aṣọ òkè kì í kọjá ní títì Kétu. Bí ènìyàn bá dúró ní ibùdókọ̀ láàárín Ìkòsì àti Máìlì 12, yóò rí gèlè, yóò rí agbádá, yóò rí ìpèlé, tí gbogbo wọn ń dán gbinrin. Bí a bá bi ẹni tí ó wọ̀ ọ́ pé níbo ni wọ́n ti hun ún, yóò dáhùn kíákíá pé Ìsẹ́yìn ni. Bí a bá bi í pé ta ni ó tà á fún un, yóò dárúkọ onítọ̀hún. Ṣùgbọ́n bí a bá bi í pé, "Ta ni ó ran òwú rẹ̀?" ẹnu rẹ̀ yóò wọ̀. Ìbéèrè yìí ni a fẹ́ gbé síwájú ẹ̀yin òǹkàwé wa, pàápàá jù lọ ẹ̀yin olùkọ́, nítorí pé ìdáhùn rẹ̀ kò dùn mọ́ni: ẹ̀rọ ni ó ran ọ̀pọ̀lọpọ̀ rẹ̀, ní òkè òkun, èyí tí ó sì pọ̀ nínú rẹ̀ kì í tilẹ̀ í ṣe òwú.

Ní ayé àwọn baba wa, kò sí ẹni tí yóò máa wá olùdáhùn kiri, nítorí pé inú ilé ni ó wà. Àlùfáà Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí ó parí ní 1897, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 1921, ka iṣẹ́ yìí mọ́ iṣẹ́ obìnrin, pàápàá àwọn àgbà obìnrin tí ara wọn kò gbé wàhálà mìíràn mọ́. Ìyá arúgbó tí ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ó ń yí ìrànwú kì í ṣe ẹni tí ń fi ọwọ́ lẹ́rán kí ilẹ̀ ṣú. Òwú rẹ̀ ni àwọn obìnrin fi ń hun kíjìpá nínú ilé, òun náà ni àwọn ọkùnrin fi ń hun aṣọ òfì ní ìta. Irú òwú bẹ́ẹ̀ ni ó wà nínú aṣọ tí àwọn oníṣòwò Potogí àti Dọ́ọ̀ṣì ń rà ní etíkun wa láti àwọn ọdún 1600 síwá, tí wọ́n ń kó lọ sí Gold Coast àti Brazil. Títí di òní, ní Bahia, "pano da costa" ni wọ́n ń pe irú aṣọ náà, ìyẹn ni aṣọ etíkun. (Kí a tó lọ síwájú: ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn ọmọ pa ohùn méjèèjì pọ̀. A ń ran òwú. A ń rán aṣọ.)

Báwo ni wọ́n ti ń ṣe é? Ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ìwé ní Kétu ni òwú wà lára wọn láti àárọ̀ di alẹ́, tí wọn kò mọ̀ pé ó ní kóró nínú. Kóró yìí ni a kọ́kọ́ ń yọ. A ó tẹ́ òwú sí orí òkúta tàbí pákó tí ó jọ̀lọ̀, a ó sì fi ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ yí i mọ́lẹ̀ títí kóró yóò fi yọ síwájú, tí òwú yóò sì kù sẹ́yìn. Lẹ́yìn èyí ni a ó gbọ̀n ọ́n. Ọrun kékeré ni àwọn àgbà ń lò: wọn a máa ta okùn ọrun náà sí àárín òwú, òwú yóò sì máa tú, yóò máa wú, títí yóò fi dà bí ìfóòfó ọṣẹ. Ẹni tí kò bá gbọ̀n òwú rẹ̀ dáradára, kí ó má ṣe wulẹ̀ jókòó ti ìrànwú, nítorí pé gbogbo kókó tí ó fi sílẹ̀ níbẹ̀ ni yóò padà bá a. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń sọ pé òwú tí ìyá gbọ̀n ni ọmọ ń ran.

Ìrànwú fúnra rẹ̀ kò ṣòro ṣe. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, tí gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan lọ. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni a ti fi amọ̀ róbótó tí a dá ihò sí láàárín, tí a sì ti sun nínú iná, bọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀. Amọ̀ yìí ni ẹrù tí kì í jẹ́ kí yíyí igi náà tètè tán. A ó so ìbẹ̀rẹ̀ òwú mọ́ igi, a ó fi ìka ta á kí ó máa yí bí òkòtó, ọwọ́ kejì yóò sì máa fà lára òwú tí a ti gbọ̀n, díẹ̀díẹ̀. Bí apá bá ti nà tán, a ó dúró, a ó ká èyí tí a ti ṣe mọ́ ara igi, a ó tún bẹ̀rẹ̀.

Nínú fífà yìí ni gbogbo ọgbọ́n wà. Fọ́nrán òwú kọ̀ọ̀kan kò gùn ju nǹkan bí ínǹṣì kan lọ. Kò sí lẹ́ẹ̀ kankan tí ó so èkíní mọ́ èkejì. Lílọ́ nìkan ni ó ń mú kí wọ́n di ara wọn mú, tí ohun tí atẹ́gùn lè gbé lọ fi di okùn tí ó lè so ẹrù. Bí a bá fà á kí ó tó lọ́ tó, yóò já. Bí a bá jẹ́ kí ó lọ́ jù kí a tó fà á, yóò ká kò, yóò sì di kókó. Bí ìrànwú bá sì wúwo jù, òwú kò ní lè gbé e. Nítorí náà ni àwọn mìíràn fi ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa yí nínú awẹ́ igbá dípò kí ó so rọ̀ ní òfuurufú. Ọmọ tí ó ń kọ́ ọ gbọ́dọ̀ rántí pé ọ̀nà kan náà ni a ń yí i sí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí bí ó bá yí i padà, ohun tí ó ti ṣe ni yóò máa tú. Bí òwú bá sì já, a kì í ta á ní kókó. Ńṣe ni a ó tú ẹnu méjèèjì, a ó fi èkíní lé èkejì, a ó sì tún yí i.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò díẹ̀. Ká sọ pé okùn 200 ni a nà sórí òfì fún aṣọ tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 20. Òwú tí ó nà gbọọrọ nìkan ti di mítà 4,000, ìyẹn kìlómítà mẹ́rin, kí a tó fi ẹyọ kan dábùú rẹ̀. Ìka ìyá kan ni ó fa gbogbo rẹ̀! Ẹni tí ó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ran mítà mẹ́wàá péré kì yóò tún bi aláṣọ òfì pé kí ló dé tí aṣọ rẹ̀ fi wọ́n.

Nígbà náà, kí ló pa iṣẹ́ náà? Àwọn kan a máa di ẹ̀bi ru ahunṣọ pé òun ni ó kọ òwú ìyá rẹ̀ sílẹ̀, tí ó lọ ra ti òyìnbó. A kò gbà pẹ̀lú wọn. Ahunṣọ ni òwú kì í tó, nítorí pé iṣẹ́ ọ̀pọ̀ obìnrin ni ọkùnrin kan ń hun tán. Ìyà kan náà jẹ àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí Hargreaves, Arkwright àti Crompton tó gbé ẹ̀rọ wọn jáde láàárín nǹkan bí 1764 sí 1779. Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Ní àwọn ọdún 1850, Thomas Clegg, oníṣòwò Manchester, àti Henry Venn, akọ̀wé C.M.S., gba àwọn ará Abẹ́òkúta níyànjú láti máa gbin òwú fún títà sí òkè òkun. Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà láàárín 1861 sí 1865, owó òwú gbówó lórí gidigidi. Ní 1902 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ British Cotton Growing Association sílẹ̀, tí òun náà sì dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ̀rọ tí ń yọ kóró ni wọ́n mú wá, àti ẹ̀rọ tí ń di òwú ní ẹrù. Ẹ̀rọ tí ń ran òwú, wọ́n fi í sílẹ̀ ní Lancashire. Ibi tí èrè wà ni wọ́n mú dání. Àwa ta òwú tútù, a sì ra okùn padà.

Sányán pẹ̀lú kò yọ. Kì í ṣe òwú ni a fi ń ṣe é ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ilé kòkòrò inú igbó kan ni, tí a ń sè nínú omi eérú kí a tó fi ìrànwú ran án. Púpọ̀ nínú ohun tí a ń pè ní sányán lónìí, àwọ̀ sányán nìkan ni ó ní.

Àwọn olóṣèlú láàárín yín yóò ti máa rántí India. Ní 1924, ẹgbẹ́ Congress, nípasẹ̀ Gandhi, gbìyànjú láti fi í ṣe òfin pé kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ máa ran òwú ní oṣooṣù. Wọ́n sì fi kẹ̀kẹ́ òwú sí ara àsíá wọn. Kò ju ọdún kan lọ tí wọ́n fi ní kí ó di ohun tí ó wu oníkálukú. Àwa kò bẹ ẹnikẹ́ni kí ó ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ níhìn-ín, nítorí pé ìrànwú kò lè fi aṣọ bo ìlú Èkó. Ṣùgbọ́n gbígbẹ́kẹ̀lé ẹ̀rọ nìkan kò gbà wá pẹ̀lú: Kaduna Textiles Limited, tí wọ́n ṣí ní 1957, ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ ní 2002.

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òbí kan yóò ní kọ̀ǹpútà ni òun rán ọmọ òun lọ kọ́, kì í ṣe òwú. Ó dára. Ṣùgbọ́n wákàtí iṣẹ́ ọwọ́ wà ní ilé-ìwé, a sì ń fi bébà àti gọ́ọ̀mù lò ó tán. Ìṣirò wà nínú òwú, ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì wà nínú rẹ̀, ìtàn ìlú pẹ̀lú wà nínú rẹ̀. Kò sì ná ni lówó púpọ̀: igi súyà kan àti amọ̀ díẹ̀ ti di ìrànwú. Kí olùkọ́ má ṣe bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òwú tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn, nítorí pé wọ́n ti fọ ọ̀rá ara rẹ̀ dànù, kì í sì í gbọ́ ti ọwọ́ ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Kí ó gbin tirẹ̀. Igi òwú ń hù ní ẹ̀yìnkùlé ní ìlú Èkó yìí, àwọn ẹlẹ́wé ọmọ tí ń ta ewé òwú ní ọjà sì mọ ibi tí wọ́n ti ń já a.

Olùkọ́ gidi ni ó ṣọ̀wọ́n. Àwọn ìyá tí ó mọ iṣẹ́ yìí ń dín kù lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n kì í ṣe Èkó nìkan ni a bí àwọn ará Kétu sí. Ọ̀pọ̀ wọn ni ó wá láti Òkè Ògùn, láti Èkìtì, láti Ọ̀yọ́, tí wọ́n sì ní ìyá àgbà ní ilé. Kí ọ̀gá ilé-ìwé bèèrè lọ́wọ́ àwọn òbí ní ìpàdé wọn tí ń bọ̀. Bí a bá rí ọ̀kan ṣoṣo, kí a fi ọkọ̀ gbé màmá wá, kí a gbé àga fún un níwájú kíláàsì, kí a sì san owó iṣẹ́ rẹ̀ fún un bí a ti ń san án fún olùkọ́ yòókù.