Kí Fíríìjì Má Baà Máa Rùn Nílé Yín
Ìwé ìlàlóye fún ará Ìpògùn àti agbègbè rẹ̀

Bí iná ọba bá lọ tó sì pẹ́ kó tó dé, ẹja tútù tí a rà ní Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ á yọ́, omi rẹ̀ á ro sórí pẹpẹ ìsàlẹ̀, òórùn rẹ̀ á sì wọ inú omi mímu. Lọ́fínńdà ò lè bo irú òórùn bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń rùn gan-an ni kí ẹ wá kàn.

Ẹ yọ wáyà lára iná, ẹ kó oúnjẹ síta, ẹ fi ọṣẹ àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ àwọn pẹpẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ po ṣíbí ìjẹun méjì báákín sódà mọ́ omi lítà kan, ẹ fi nu inú rẹ̀ látòkè délẹ̀, kí ẹ ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ kó gbẹ.

Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rántí rọ́bà etí ilẹ̀kùn. Ẹ fi ìka ya á díẹ̀, ẹ ó rí ohun dúdú tó ń yọ̀ tó ti bu sínú rẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tí ẹ ò lò mọ́ ló dára jù láti họ ọ́ kúrò. Ihò kékeré kan tún wà lẹ́yìn nísàlẹ̀, níbi tí omi ń gbà lọ sínú abọ́ kan lẹ́yìn ẹ̀rọ. Bí ẹ bá fọ inú tán tí òórùn ò lọ, abọ́ náà ni kí ẹ yẹ̀ wò.

Irú pẹ̀tẹ̀ àti ògìrì, inú ìgò tí ìdérí rẹ̀ le ni kí wọ́n wà. Òórùn máa ń gba ara ọ̀rá jáde. Ẹ tún lè gbé èédú tí kò kan kẹrosíìnì sínú abọ́ kan ní igun, á máa fa òórùn díẹ̀díẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má po Hypo mọ́ fínígà, nítorí afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹ má sì fín Sniper sínú fíríìjì nítorí aáyán. Oògùn oko ni, ó sì nídìí tí NAFDAC fi fòfin de títa ìgò kékeré rẹ̀ káàkiri ọjà lọ́dún 2019.

Fíríìjì tí ò rùn kọ́ ló sọ pé oúnjẹ inú rẹ̀ ṣì dára. Púpọ̀ nínú kòkòrò àìfojúrí tó ń dá inú rírun sílẹ̀ kì í mú oúnjẹ rùn. Bí iná bá lọ tí ẹ ò ṣí ilẹ̀kùn, fíríìjì á tutù fún bíi wákàtí 4. Fírísà tó kún á gbé bíi wákàtí 48, èyí tó kún dé ìdajì á gbé 24. Kí wákàtí 4 náà tó pé, ẹ gbé ọbẹ̀ ka iná kó hó dáadáa, kí ẹ jẹ ẹ́ lọ́jọ́ náà. Èyí tó bá ti kọjá àkókò yẹn, ẹ dà á nù. A mọ iye tí ẹran ń jẹ́ lọ́jà báyìí, ìdí nìyẹn tí a fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má ra ju èyí tí ẹ máa sè lọ nígbà tí iná ò bá dájú.

Bí ọmọdé, aláboyún tàbí àgbàlagbà bá ń bì, tàbí tí ìgbẹ́ gbuuru mú un lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì sọ ohun tó jẹ fún nọ́ọ̀sì.