Ìṣirò Bẹ̀rẹ̀ Lẹ́nu Gègé Nọ́ọ̀sì

Ní orílẹ̀-èdè Benin, ọ̀nà tó ti Porto-Novo lọ sókè máa ń gba Sakété kọjá kó tó dé Pobè. Ní Pobè yìí ni ilé ìwòsàn kan wà tí àjọ Raoul Follereau ti ilẹ̀ Faransé dúró tì, tí wọ́n dá sílẹ̀ nítorí ọgbẹ́ Buruli. Kókó tí kì í dunni ló sábà fi ń bẹ̀rẹ̀, ìgbà tó bá yá ni awọ á jẹrà. Àwọn aláìsàn máa ń ti Nàìjíríà sọdá ibodè wá gba ìtọ́jú níbẹ̀.

Ìtọ́jú ni gbogbo èèyàn mọ̀ ọ́n mọ́. Ṣùgbọ́n ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ náà ń ṣiṣẹ́. Ní 2014, àwọn onímọ̀ tẹ àbájáde ìwádìí jáde lórí aláìsàn 1,227 tí wọ́n tọ́jú níbẹ̀ láàárín 2005 sí 2011, tí àyẹ̀wò sì fìdí àrùn wọn múlẹ̀. Ẹsẹ̀ ni ọgbẹ́ ti mú èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Láàárín àwọn ọmọdé, ọkùnrin ló pọ̀ jù. Láàárín àgbà, obìnrin ni. Ta ló lè rí ìyẹn nípa kíkiri láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì?

Ìṣirò tí wọ́n ń lò fún kọ̀rónà, pé ẹnì kan á kó o ran èèyàn mélòó, kò bá àrùn yìí mu, torí kì í sábà ràn láti ara ẹnì kan sí òmíràn. Agbègbè omi àti àbàtà ló ti ń mú èèyàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà tó ń gbà wọ ara kò tíì yéni tán. Ó sì lè lo oṣù mélòó kan lára kó tó hàn. Iye aláìsàn tòní, ọ̀rọ̀ oṣù tó ti kọjá ló ń sọ. Nítorí náà ni nọ́ọ̀sì ṣe gbọ́dọ̀ béèrè abúlé, odò tí aláìsàn ti ń pọn omi àti ìgbà tí kókó náà yọ. Bí ó bá kọ orúkọ ọjà ńlá tó wà nítòsí dípò abúlé, àwòrán ilẹ̀ tí kọ̀ǹpútà máa yà á ṣìnà, kò sí ọgbọ́n ìṣirò tó lè tún un ṣe.

Ìwádìí kan tó jáde ní 2019 fi irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ wé iye kànga tí wọ́n fi ẹ̀rọ gbẹ́ ní Ouinhi, ní ẹkùn Zou: bí kànga ṣe ń pọ̀ ni ọgbẹ́ ń dín kù. Mo ka èyí sí pàtàkì ju ọ̀pọ̀ àsọtẹ́lẹ̀ lọ, torí ó fún ìjọba ìbílẹ̀ ní ohun tó lè fi owó ṣe. Àmọ́ ẹni tó bá dé ilé ìwòsàn nìkan ni ìwé ń kà. Ẹni tó jókòó sọ́dọ̀ oníṣègùn ìbílẹ̀ kò sí nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ń lọ sí abúlé láti wá wọn kàn.